Ìtàn Ìbẹ̀rù Ẹ̀rọ Kọ̀ǹpútà àti Bí Ó Ti Kan Àwọn Ọmọ Ìlú Wa

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí ojú ewé yìí lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ìtàn bí a ti tẹ ìlú dó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìtàn oyè tàbí ti ogun. Ìtàn ẹ̀rù kan ni, ẹ̀rù tí kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún láyé, ṣùgbọ́n tí ó ti wọ ilé wa, tí ó sì ń jókòó ti àwọn ọmọ wa ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ du ipò ní Yunifásítì. Ẹ̀rù kọ̀ǹpútà ni, ẹ̀rọ tí àwọn kan ń pè ní ayára-bí-àṣá.

Ní ọdún 2013 ni àjọ JAMB bẹ̀rẹ̀ sí fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé. Nígbà tí ó sì di ọdún 2015, wọ́n pa ti bébà àti pẹ́ńsù tì pátápátá. Láti ìgbà náà, ọmọ tí kọ̀ǹpútà wà nínú ilé bàbá rẹ̀ ní ìlú ńlá, àti ọmọ tí kò fọwọ́ kàn án rí títí di òwúrọ̀ ìdánwò, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wọlé. Nígbà tí ẹni kejì yìí bá sì kùnà, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé kò kàwé, tàbí pé ọpọlọ rẹ̀ kò jí, tàbí pé ọmọ oko ni. Ọ̀rọ̀ yìí a máa dùn wá. A kò sọ pé kò sí ọ̀lẹ láàrin àwọn ọmọ wa. Ọ̀lẹ wà níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìtàn ẹ̀rù yìí yóò mọ̀ pé kì í ṣe inú oko ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀rọ náà ti gbilẹ̀, ni a ti kọ́kọ́ fún un lórúkọ, àwọn ọ̀mọ̀wé àti ọ̀gá ilé-iṣẹ́ sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ mú.

Ní oṣù kejì ọdún 1946 ni wọ́n fi ẹ̀rọ kan tí à ń pè ní ENIAC han gbogbo ayé ní ìlú Philadelphia. Ìwọ̀n rẹ̀ tó ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù, gílóòbù inú rẹ̀ sì tó nǹkan bí 18,000. Àwọn oníwèé ìròyìn kò rí orúkọ mìíràn pè é ju ọpọlọ ńlá lọ. Bí a bá rò ó dáadáa, orúkọ náà nìkan ti tó láti dẹ́rù ba ènìyàn: ta ni yóò fẹ́ jókòó ti ọpọlọ tí ó tóbi ju tirẹ̀ lọ? Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí, ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà yóò bá a ṣe kì í fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án. Yóò lu ihò sára káàdì, yóò gbé káàdì náà lọ sí ojú fèrèsé, ẹlòmíràn yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, òun yóò sì máa lọ sílé, kí ó tó padà wá gbọ́ èsì. Bí ihò kan bá ṣì, àtúnbẹ̀rẹ̀ ni. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Berkeley ní California ń fẹ̀hónú hàn sí àwọn aláṣẹ wọn ní ọdún 1964, káàdì oníhò yìí wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe àmì, nítorí wọ́n ní a ń lò àwọn bí ẹni ń ki káàdì bọ ẹnu ẹ̀rọ. Ní ilẹ̀ tiwa, Yunifásítì Ìbàdàn wà lára ibi tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ dé, ní nǹkan bí ọdún 1963; ṣùgbọ́n inú yàrá ni ó wà, ẹni tí kò bá ní iṣẹ́ níbẹ̀ kò mọ bí ó ti rí.

Kí a má ṣe pa ẹ̀rù yìí pọ̀ mọ́ ti àwọn oníṣẹ́ ìhunṣọ agbègbè Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi òòlù fọ́ ẹ̀rọ láti ọdún 1811. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni tiwọn. Wọ́n mọ ẹ̀rọ náà dunjú. Iye owó iṣẹ́ tí ọ̀gá ń san fún wọn ni wọ́n ń bá jà. Ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó fẹ́ lo ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1981, ilé-iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà kékeré tí ènìyàn kan lè dá lò jáde. Kọ̀ǹpútà kúrò nínú yàrá, ó wá sórí tábìlì akọ̀wé, ti olùkọ́ àti ti onísirò owó. Ní ọdún yẹn kan náà ni onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá kan, Timothy Jay, kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé àtìgbàdégbà kan tí àwọn olùkọ́ ń kà, tí ó fún àìsàn tuntun yìí lórúkọ: ìbẹ̀rù kọ̀ǹpútà. Ó ní àwọn kan ń sá fún un, àwọn kan kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀, àwọn kan sì ń bínú sí i láìnídìí. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1987, àwọn onímọ̀ mìíràn ti ṣe ìwé ìbéèrè tí a lè fi wọn bí ẹ̀rù yìí ti pọ̀ tó lára ènìyàn. Ohun kan nínú àwọn ìbéèrè náà ni a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Wọ́n ń bi ènìyàn bí ó bá ń bẹ̀rù pé òun lè tẹ ibi tí kò yẹ kí òun tẹ̀, kí ohun púpọ̀ tí a ti kó pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà sì ṣègbé. Ẹ kíyè sí i: bóyá ẹ̀rọ náà lè bu ènìyàn jẹ kọ́ ni wọ́n ń béèrè. Ohun tí ọwọ́ ẹni lè ṣe, tí a kò sì ní lè tún un ṣe mọ́, ni wọ́n ń béèrè.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa, a ní láti padà sẹ́yìn díẹ̀ sí iṣẹ́ àwọn kan tí kò tilẹ̀ ronú kan kọ̀ǹpútà.

Ní ọdún 1966, Julian Rotter, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Connecticut, tẹ iṣẹ́ kan jáde tí ó pín ìgbàgbọ́ ènìyàn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan gbàgbọ́ pé ohun tí ó bá dé bá wọn, láti ọwọ́ ara wọn ni. Àwọn kan gbàgbọ́ pé láti ọ̀dọ̀ orí ire tàbí orí burúkú ni, tàbí láti ọ̀dọ̀ àwọn alágbára tí ó ju wọn lọ. Kò wí pé ẹnikẹ́ni wà ní apá kan pátápátá. Àwọn bàbá wa ti jiyàn ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́, wọn kò sì fà á tu bí àwọn Òyìnbó ti ń fà á tu: ẹni tí ó bẹ orí rẹ̀ ní òwúrọ̀ ni ó tún gbé ọkọ́ lọ sí oko, kò fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì. Ohun tí ó kàn wá níbẹ̀ ni pé ibi tí ènìyàn bá wà lè yí ìgbàgbọ́ yìí padà. Ìyá tí ó ń ṣe òwò aṣọ láti Èkó dé Kútọnú, tí ó mọ iye tí ọjà yóò jẹ́ ní oṣù tí ń bọ̀, kò sí ẹni tí yóò pè é ní aláìlágbára. Gbé e síwájú kọ̀ǹpútà, kí o wá wo bí yóò ti máa ká ọwọ́ rẹ̀ jọ bí ọmọ tuntun ní ilé ìwé.

Ní ọdún 1972, David Glass àti Jerome Singer tẹ ìwé kan jáde nípa ariwo ìlú ńlá. Wọ́n mú àwọn ènìyàn jókòó sínú yàrá láti ṣe iṣẹ́ ọpọlọ, wọ́n sì ń jẹ́ kí ariwo líle bú sí wọn létí lójijì, láìsí ètò, tí ẹnikẹ́ni kò fi lè sọ ìgbà tí òmíràn yóò dé. Apá kan nínú wọn kàn fara dà á bẹ́ẹ̀. Apá kejì ni wọ́n fi bọ́tìnnì kan hàn, tí wọ́n sọ fún pé bí ariwo náà bá sú wọn, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, yóò dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lè mú un mọ́ra, kí wọ́n má ṣe tẹ̀ ẹ́. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò tẹ̀ ẹ́. Ariwo kan náà ni gbogbo wọn gbọ́, kò dín fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ariwo parí, a tún gbé iṣẹ́ mìíràn lé wọn lọ́wọ́ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Iṣẹ́ náà tètè sú àwọn tí kò ní bọ́tìnnì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbójú fo àṣìṣe nínú ìwé tí a ní kí wọ́n yẹ̀ wò. Àwọn tí ó ní bọ́tìnnì, tí wọn kò sì tẹ̀ ẹ́, tẹra mọ́ iṣẹ́ jù wọ́n lọ, wọ́n sì rí àṣìṣe jù wọ́n lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú wa díẹ̀. Bọ́tìnnì tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ni ó gba àwọn ènìyàn wọ̀nyí sílẹ̀. Mímọ̀ pé ọ̀nà àbáyọ wà ni, kì í ṣe gbígba ọ̀nà náà. Nínú gbogbo ohun tí a kà nípa ìbẹ̀rù, a kò rí èyí tí ó yà wá lẹ́nu tó o.

Albert Bandura ni ó fi ìyókù hàn wá. Ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Mundare, ní ilẹ̀ Kánádà, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1925, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ohun èlò rẹ̀ kò tó nǹkan. A mẹ́nu kan èyí nítorí àwọn tí ń fi ọmọ oko ṣe yẹ̀yẹ́. Ejò ni ó fi ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀. Òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ wá àwọn tí ẹ̀rù ejò ń dààmú jáde, wọ́n sì gbìyànjú oríṣiríṣi ìwòsàn lára wọn. Àwọn kan wo fíìmù ibi tí àwọn ènìyàn ti ń mú ejò dání. Àwọn kan, ríronú nípa ejò pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ ni a kọ́ wọn. Àwọn kan sì rí ẹni tí ó fi ọwọ́ mú ejò níṣojú wọn, ẹni náà sì fà wọ́n mọ́ra díẹ̀díẹ̀: ẹ fi ìbọ̀wọ́ kàn án ná, ó yá, ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́, títí àwọn náà fi lè dá a mú. Ìwòsàn ìkẹyìn yìí ni ó ṣiṣẹ́ jù lọ. Ní ọdún 1977, Bandura kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ẹ̀kọ́ kan: ohun tí ń sọ ènìyàn di akíkanjú níwájú iṣẹ́ ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ pé òun lè ṣe é. Ìgbàgbọ́ náà máa ń ti ara rírí ẹni bí tiwa tí ó ṣe é wá, ó máa ń ti ara ọ̀rọ̀ ìyànjú wá, ṣùgbọ́n èyí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ni èyí tí ó ti ara iṣẹ́ ọwọ́ ẹni fúnra rẹ̀ wá. Ní ọdún 1995, àwọn méjì ní ilẹ̀ Kánádà, Deborah Compeau àti Christopher Higgins, gbé ẹ̀kọ́ yìí lọ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 1,000. Àwọn tí ó gbà pé àwọn lè lo kọ̀ǹpútà ni ẹ̀rù rẹ̀ kéré lára wọn, àwọn náà ni wọ́n sì ń lò ó jù.

Ẹnì kan lè wí pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a kàn kó àwọn ọmọ síwájú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rù á tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Larry Rosen àti Michelle Weil, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí ìbẹ̀rù yìí ní California láti àárín àwọn ọdún 1980, rí i pé lílò ó léraléra nìkan kì í wo ẹlẹ́rù sàn. Ẹlòmíràn ń lò ó lójoojúmọ́, ojoojúmọ́ ni ẹ̀rù sì ń bà á. Wọ́n tún rí i pé irú ẹni tí ó kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà han ènìyàn ṣe pàtàkì gidigidi. Bí ara olùkọ́ fúnra rẹ̀ kò bá balẹ̀ níwájú ẹ̀rọ náà, ẹ̀rù rẹ̀ ni yóò kọ́ àwọn ọmọ. Kí àwọn olùkọ́ wa má ṣe bínú sí wa: olùkọ́ tí ó ń jágbe mọ́ ọmọ pé kí ó má fọwọ́ kàn án, kí ó má bà á jẹ́, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni ó ń kọ́ ọ.

Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ náà kò káwọ́ gbera. Ní ọdún 1974, ní ibi ìwádìí ilé-iṣẹ́ Xerox ní Palo Alto, Butler Lampson àti Charles Simonyi ṣe ètò ìkọ̀wé kan tí wọ́n pè ní Bravo. Nínú rẹ̀, ẹni tí ó bá ṣe àṣìṣe lè pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó dá ohun tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1983, kọ̀ǹpútà Lisa ti ilé-iṣẹ́ Apple gbé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ dé iwájú àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì. Lónìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí ètò ìkọ̀wé tí kò ní in, àwọn ọmọ wa tí ó mọ̀ ọ́n a sì máa tẹ Ctrl àti Z pọ̀ láìronú. Bọ́tìnnì Glass àti Singer ni èyí, ní ọ̀nà mìíràn. Ben Shneiderman ti Yunifásítì Maryland sọ ọ́ di òfin fún àwọn aṣètò kọ̀ǹpútà ní àwọn ọdún náà: kí ohun tí ènìyàn bá ṣe ṣeé dá padà, kí ó sì máa mọ̀ lọ́kàn rẹ̀ pé òun ni ọ̀gá. Ní ọdún 1985 pẹ̀lú, Brad Myers fi hàn pé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gùn díẹ̀díẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, láti fi hàn bí iṣẹ́ ti kù sí, máa ń tẹ́ àwọn tí ń dúró lọ́rùn. Iṣẹ́ náà kò yá sí i nítorí ọ̀pá. Ẹni tí ó bá ti dúró de ọkọ̀ ní gáréèjì rí, tí kò sí ẹni tí yóò sọ fún un bóyá ọkọ̀ ń bọ̀ tàbí kò bọ̀, kò nílò kí a túmọ̀ èyí fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí yàrá ìdánwò. Ní ọdún 2017, JAMB gbé ètò kan jáde nítorí àwọn ọmọ tí kò mọ bí a ti ń lo mouse: lẹ́tà mẹ́jọ péré lórí kíbọ́ọ̀dù ni ó tó fún gbogbo ìdánwò náà. A, B, C àti D wà fún ìdáhùn. N wà fún ìbéèrè tí ó kàn, P fún èyí tí ó ṣáájú. S ni a fi ń parí ìdánwò. R ni lẹ́tà kẹjọ, òun sì ni a fẹ́ràn jù: bí ọmọ bá tẹ S láìjẹ́ pé ó fẹ́ parí, R ni yóò tẹ̀ láti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ó gbé e kalẹ̀ mọ ohun tí ó ń ba ọmọ lẹ́rù. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni ó mọ̀ nípa lẹ́tà R kí ó tó jókòó ti ìbéèrè 180 àti wákàtí méjì? Bọ́tìnnì tí a kò fi han ni kò lè fi ni lọ́kàn balẹ̀.

A gbọ́dọ̀ sọ apá kejì ọ̀rọ̀ náà, kí a má baà dà bí ẹni tí ń sọ pé inú ọkàn ẹlẹ́rù nìkan ni gbogbo rẹ̀ wà. Àwọn ọmọ wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ ọ̀rọ̀ Horizon, kọ̀ǹpútà ìṣirò owó tí ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lò ní ọdún 1999. Ó ń sọ pé owó dín nígbà tí owó kò dín. Ó lé ní 900 àwọn tí ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ kéékèèké tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi, àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, wọ́n sì sọ fún púpọ̀ nínú wọn pé òun nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ọdún 2024 ni wọ́n tó ṣe òfin tí ó pa ìdálẹ́bi náà rẹ́. Nílé níhìn-ín, ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìshàq Olóyèdé, tí ó jẹ́ olórí JAMB nígbà náà, jáde sí gbangba, ó sì tọrọ àforíjì, nítorí àṣìṣe ètò kọ̀ǹpútà tí ó kan èsì àwọn ọmọ 379,997 ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ ìlà-oòrùn gúúsù. A sì ní kí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe. Nítorí náà, bí ọmọ bá délé tí ó ní ẹ̀rọ ṣe òun bákan, kí a má ṣe yára gbá a létí. Kí a bi í ohun tí ó rí, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú aago àti nọ́ńbà ìjókòó rẹ̀.

Àwọn àgbà pẹ̀lú kò yọ sílẹ̀. Bàbá tí ó ń fi káàdì báńkì àti nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ rán ọmọdé sí ẹnu ẹ̀rọ ATM nítorí pé ẹ̀rọ náà ń bà á lẹ́rù, àpò rẹ̀ ni ó fi rán an.

A mọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí kọ̀ǹpútà wà nínú ọ́fíìsì ọ̀gá, tí a fi aṣọ bò bí eégún, tí a kì í ṣí àfi bí àlejò bá dé. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn òkun, tí ẹ ń béèrè ohun tí ẹ lè fi ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún yín: kọ̀ǹpútà mẹ́ta tí àwọn ọmọ ń fọwọ́ kàn sàn ju ogún tí a tì mọ́lé lọ. Ẹ fi bátìrì àti ohun tí yóò gbé iná fún un kún un. Bí ẹ bá wálé ní oṣù Kejìlá, ẹ fi ọ̀sán ọjọ́ kan jókòó ti àwọn ọmọ náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé ẹ̀yin náà ń ṣì í tẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti mọ̀ ọ́n máa kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí ọmọ a máa gba ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ ju olùkọ́ lọ. Kíbọ́ọ̀dù tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ pàápàá kì í ṣe ohun ìjùnù. Ọmọ lè fi mọ ibi tí lẹ́tà mẹ́jọ náà wà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n kọ́ ọmọ bí a ti ń dá àṣìṣe padà kí wọ́n tó kọ́ ọ ní ohun mìíràn. Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà ńkọ́? Kí ó wà lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó ń gbé ní ìlú, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tí ó ń wọ ọkọ̀ lọ ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, tí kò ní padà títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé.